Ẹ Yan Ẹni Tó Máa Lọ Sílé

Iṣẹ́ mẹ́fà ni ilé ìtajà ńlá kan ní òun ní, ọgọ́rin èèyàn ló wá ránṣẹ́ pè. Ẹ tún un gbọ́: iṣẹ́ mẹ́fà, ọgọ́rin èèyàn. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n dá fún gbogbo wọn, àwọn fúnra wọn ò sì ṣílẹ̀kùn títí aago mẹ́sàn-án fi lù. Ẹni tó yó ló máa ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ní kóun dúró sóòrùn. Ẹni tí ebi ń pa, dídúró ló ń dúró.

Nínú ọgọ́rin yẹn, ìyá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Lọ́yà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà. Kì í ṣe pé ó kàwé òfin o, ẹnu ló ní. Láti kékeré ló ti jẹ́ pé bí wọ́n bá ká a mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀ tòun ti ẹran lẹ́nu, yóò rojọ́ títí ẹni tó ni ẹran yóò fi máa bẹ̀ ẹ́. Ó ti pé ogún ọdún báyìí, ó ti jáde ilé ìwé, kò sì tíì sẹ́ni tó fún un níṣẹ́ kankan.

Tíì àti búrẹ́dì ni wọ́n jẹ kí wọ́n tó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Búrẹ́dì ọ̀hún ti lo ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀bẹ tí ìyá Lọ́yà fi ń gé e ń dún gìrìgìrì lórí tábìlì. Ó fún ọkọ rẹ̀ ní àárín tó rọ̀, ó fún Lọ́yà ní apá kan, ó di tirẹ̀ sínú ọ̀rá.

"Màámi, ẹ jẹ tiyín," Lọ́yà wí.

"Màá jẹ ẹ́ lọ́nà. Fi ẹnu tìẹ jẹ tìẹ."

Káfíńtà ni bàbá. Ayùn oníná ti gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un, ọwọ́ yẹn lẹni náà máa ń wò, kì í wo ojú rẹ̀. Ìyá ní tirẹ̀ ṣe alábòójútó ilé ìkẹ́rù fún ilé iṣẹ́ bisikíìtì fún ogún ọdún kí ilé iṣẹ́ ọ̀hún tó kógbá wọlé. Oṣù kẹrin rèé tí owó oṣù ò ti wọ yàrá méjì tí wọ́n ń gbé. Bí kò bá sí ẹni tó rí iṣẹ́ yìí nínú ìyá àti ọmọ, kò tún sí ibòmíì tí wọ́n ń wò.

"Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ," bàbá wí, ó sì gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Wọn kì í gba èèyàn méjì láti inú ilé kan. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wọn ló sọ ọ́ fún mi. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ti yà sí títì ńlá, ẹ ò mọra yín mọ́."

"Ọmọ tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án lóyún rẹ̀?" Màámi bi í.

"Ìwọ lo lóyún ẹ̀, àwọn kọ́. Títí ọ̀sán yìí, àjèjì lẹ jẹ́ síra yín."

Lọ́yà bú sẹ́rìn-ín. "Bàámi, bí wọ́n bá wá kó wa pọ̀ sójú kan náà ńkọ́?"

"Ẹ dúró jìnnà síra yín lórí ìlà. Ẹ fi èèyàn mẹ́sàn-án, mẹ́wàá sáàárín. Ṣé èmi náà ló tún yẹ kí n máa kọ́ lọ́yà lọ́gbọ́n?"

Màámi fi ọwọ́ kan etí rẹ̀ òsì. Etí yẹn ò gbọ́ràn mọ́, ariwo ẹ̀rọ bisikíìtì ló gbé e lọ. Gbogbo wọn nínú ilé ló mọ̀ pé apá ọ̀tún lèèyàn ń dúró sí bó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Níta, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó máa ń yí ọrùn díẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn á sì rò pé ìgbéraga ni.

"Eléyìí ńkọ́?" ó wí.

"Ta ló bi ọ́ létí?" bàbá dá a lóhùn. "Iṣẹ́ lo fẹ́ ṣe, kì í ṣe orin lo fẹ́ kọ. Jọ̀ọ́, má dá mi lágara."

Màámi dìde, ó bá Lọ́yà tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbóòórùn ọṣẹ. "Bó bá di pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa rí i nínú wa," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ má baà gbọ́, "ìwọ gbà á. Má wojú mi."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màámi."

"Mo ti sọ ọ́."

Ìdí ẹ̀rọ omi ni aládùúgbò wọn kan, Ìyá Rédíò, ti rí wọn bí wọ́n ṣe ń jáde. Ìyá Rédíò ò ní rédíò o. Òun gan-an ni rédíò. "Háà! Aṣọ funfun lọ́tùn-ún, aṣọ funfun lósì, ṣé ìrìbọmi la ń lọ ni?" ó pariwo. "Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi kí Agẹrun. Ó ti gba ibí kọjá láti ìdájí."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gẹrun ní òpin òpópónà wọn ló ń wí. Ìyá àti ọmọ ò dá a lóhùn ju ẹ̀rín lọ. Bí wọ́n ṣe yà sí títì ńlá, Màámi já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ṣíwájú.

Wọ́n ṣe bí bàbá ṣe wí. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n fi sáàárín ara wọn lórí ìlà. Lọ́yà tilẹ̀ kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Oòrùn ń jó, kò sí àga, kò sí omi. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí ìlà bi ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì bóyá wọ́n lè jókòó sórí pèpéle. Ọkùnrin náà ní ti kọ́sítọ́mà ni pèpéle. Wọ́n sì ń wo kọ́sítọ́mà bí wọ́n ṣe ń jáde pẹ̀lú ọ̀rá ńláńlá tí wọ́n kó ẹyin, wàrà àti ọ̀ṣọ́ ilé sí.

Nígbà tí ilẹ̀kùn máa ṣí, ọmọkùnrin kan ló jáde, ó so táì pupa, ojú rẹ̀ ń dán. Kò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. "Ẹ máa kà láti iwájú, ọ̀kan dé mẹ́wàá," ó wí, "lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Gbogbo ọ̀kan síbí, gbogbo méjì sọ́hùn-ún."

Wọ́n ń kà á bọ̀. Ó dé orí Màámi. "Méje," ni Màámi wí. Mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, ọ̀kan, méjì... Lọ́yà ti ń fi ìka rẹ̀ ka tirẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni iwájú rẹ̀ ní mẹ́fà.

"Méje," Lọ́yà wí.

Ọgbọ́n tí bàbá dá nílé ló kó wọn pọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá dúró ti ara wọn bí Ọlọ́run ṣe dá wọn, ì bá ti yà wọ́n.

Àwọn méje-méje, èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n. Yàrá ìkẹ́rù kan lẹ́yìn ilé ìtajà náà ni wọ́n kó wọn sí, páálí ọṣẹ àti ti ìwé ìnuwọ́ ló yí wọn ká, tábìlì gbọọrọ kan wà láàárín. Lọ́yà wọlé, ó sì rí Agẹrun tó jókòó, tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Agẹrun wo ìyá, ó wo ọmọ, ó ṣẹ́jú sí Lọ́yà, kò sì sọ nǹkan kan. Ó dáa náà. Onítáì ló jókòó sórí àga gíga. Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn, ní apá òsì tábìlì, ó kó fọ́ọ̀mù gbogbo wọn sórí ẹsẹ̀, ó ń kọ nǹkan, kì í sọ̀rọ̀.

"Ká ní ọjà ni ọ́ lórí pẹpẹ wa," Onítáì wí, "kí lo máa jẹ́?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má rò pé mo purọ́. Àwọn àgbàlagbà tó ní ọmọ nílé ló ń bi ní ìbéèrè yẹn, wọ́n sì ń dá a lóhùn. Awakọ̀ kan tí wọ́n ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní bátìrì lòun. Agẹrun ní ọṣẹ lòun, nítorí òun máa ń jẹ́ kí nǹkan mọ́. Ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú ní oyin lòun, ohùn rẹ̀ ò sì jáde dáadáa.

"Ìwọ, Mọ̀mọ́?"

"Iyọ̀," Màámi wí.

"Kí ló dé?"

"Kò wọ́n, kò sì sẹ́ni tó lè sebẹ̀ láìsí i."

Ó dé orí Lọ́yà. "Díńgí ni mí, sà. Ẹni tó bá wò mí, ara rẹ̀ ló máa rí." Onítáì rẹ́rìn-ín, ó sì na ìka sí obìnrin tó ń kọ̀wé pé kó kọ ọ́ sílẹ̀. Inú Lọ́yà dùn, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ó wúlò.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kó ọgọ́ta agolo tòmátì wá, wọ́n ní kí wọ́n tò ó ga láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo wọn sáré dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń gba ara wọn lọ́wọ́, agolo ń yí ká ilẹ̀. Màámi ò sáré. Ó dúró, ó wo agolo náà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó tóbi nísàlẹ̀. Kí orúkọ wọn kọjú síta, nítorí ẹni tó fẹ́ rà á. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa tètè pé, iwájú." Ó sọ ọ́ bí ìyá ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná, wọ́n sì ń ṣe é. Awakọ̀ ní, "Mọ̀mọ́ yìí mọ̀ ọ́n o." Agolo náà ga, kò mì. Lọ́yà wo ìyá rẹ̀, orí rẹ̀ wú, ó kù díẹ̀ kó pè é ní Màámi.

Nígbà náà ni obìnrin tó ń kọ̀wé ké láti apá òsì pé, "Mọ̀mọ́, ó tó." Màámi ò yíjú. Ó tún ní, "Mọ̀mọ́!" Lọ́yà sáré ti páálí kan ṣubú, gbogbo wọn wo páálí náà, Màámi náà wò ó, ó sì rí obìnrin tó ń pè é. Kò sẹ́ni tó fura. Ọmọ gidi, àbí? Ẹ jẹ́ ká fún un ní ti ìyẹn.

Onítáì wá bọ́ sílẹ̀ lórí àga rẹ̀. "Ẹ ṣeun. Èyí tó kù rèé. Ẹ̀yin mẹ́jọ, ẹ yan ẹni tó máa lọ sílé nísinsìnyí. Kí olúkúlùkù nàka sí ẹnì kan, kó sọ ìdí. Ẹni tí ò bá lè nàka, òun ló máa lọ. Bó bá di ọ̀mì, àwọn tí wọ́n jọ wà lókè ló máa jọ lọ."

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ nàka. "Mọ̀mọ́. Wọ́n ti dàgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi." Èèyàn méjì tún tẹ̀lé e, ẹnu kan náà: wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Màámi ló to agolo tí gbogbo wọn fi yege. Ọmọbìnrin aláwò nàka sí Lọ́yà, ó ní ó ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹnì kan tún nàka sí Lọ́yà, ó ní kò ṣiṣẹ́ rí. Agẹrun náà nàka sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹnu ẹ̀ máa lé kọ́sítọ́mà sá, sà."

Ó kan Màámi. Ó wò wọ́n yí ká. Ó nàka sí Agẹrun. "Ọmọkùnrin yìí. Agolo tó tẹ̀ ló fi sísàlẹ̀, mo ní kó yọ ọ́, kò yọ ọ́."

"Ó dáa," Onítáì wí. Ó wá yíjú sí Lọ́yà. "Mẹ́ta fún Mọ̀mọ́, mẹ́ta fún ìwọ. Ọ̀rọ̀ kù sí ọ lẹ́nu. Bí o bá nàka síbòmíì, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa lọ."

Ẹ rò ó wò. Ta ni ò ní rò ó bí Lọ́yà ṣe rò ó? Bó bá nàka sí Agẹrun, méjèèjì a padà sílé ṣófo. Bó bá nàka sí ìyá rẹ̀, ẹnì kan á kù. Ìyá fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́: gbà á, má wojú mi. Kò wojú rẹ̀.

"Mọ̀mọ́ ni," ó wí.

"Ìdí?"

"Wọ́n ti dàgbà."

"Wọ́n ti sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí tuntun la fẹ́. Ṣebí ìwọ lo ní díńgí ni ọ́."

Ì bá dákẹ́. Ì bá ní òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti ń ràn án lọ́wọ́ láti kékeré ti là kó tó rò ó. "Etí òsì wọn ò gbọ́ràn, sà. Bí kọ́sítọ́mà bá pè wọ́n láti apá yẹn, wọn ò ní dáhùn. Ariwo ẹ̀rọ ogún ọdún..."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Obìnrin tó ń kọ̀wé gbójú sókè. "Ogún ọdún?" Ó tú fọ́ọ̀mù tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yọ méjì, ó tẹ́ wọn síra. Ilé kan náà. Nọ́ńbà fóònù kan náà, torí fóònù bàbá nìkan ló wà nínú ilé náà, òun làwọn méjèèjì sì kọ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Kí ni wọ́n jẹ́ sí ọ?"

"Màámi ni," Lọ́yà wí.

Ẹnì kan fọwọ́ bo ẹnu. Awakọ̀ wolẹ̀. Onítáì wá ṣe ojú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. "Ìyá ẹ? Ìyá tó fún ọ lọ́mú lo fẹ́ lé lọ sílé?" Ẹ gbọ́ ẹnu o! Ta ló ní kí wọ́n nàka? Ta ló ní ìdí tuntun lòun fẹ́? Ẹni tó ti èèyàn sómi ló wá ń bi í pé kí ló dé tí aṣọ rẹ̀ fi tutù.

"Ẹ máa lọ, ẹ̀yin méjèèjì," Onítáì wí.

Màámi dìde. Ó yọ agolo tó tẹ̀ kúrò nísàlẹ̀, ó fi òmíràn dí àyè rẹ̀ kíákíá, agolo yòókù ò sì wó. Ó ní, "Ẹ ṣeun o," ó gbé ọ̀rá búrẹ́dì rẹ̀, ó jáde.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn padà. Lọ́yà ò mọ apá tó yẹ kóun rìn sí, nítorí náà ó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ igi kan létí títì, Màámi dúró, ó tú ọ̀rá náà, ó já búrẹ́dì sí méjì, ó na ìdajì sí i láìwò ó. Wọ́n jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ìgbátí ì bá ti sàn fún Lọ́yà ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀wà ni bàbá sè dè wọ́n. Ọwọ́ òsì ló fi ń rò ó, ó sì ti jó nísàlẹ̀, òórùn rẹ̀ ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Báwo ni?" ó sáré dìde. "Ẹ ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀?"

"Wọ́n ní àwọn á pè," Màámi wí.

"Ta ni wọ́n máa pè nínú yín?"

"Ṣé èmi ni mo ni iṣẹ́ ni?" ó kígbe mọ́ ọn. "Ẹ kúkú jó ẹ̀wà. Ẹ̀wà tó kù nínú ilé, ẹ jó o! Èèyàn méjì jáde láti àárọ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó wà nílé ò lè ṣọ́ ìkòkò!"

Bàbá la ẹnu sílẹ̀. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí wọ́n ti jọ ń gbé, ìyàwó rẹ̀ ò pariwo mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó kì í sínú àpò. "Màá lọ fọ ìkòkò," ó wí. Lọ́yà ní kó gbé e fún òun, bàbá ní rárá, ó ń fọ̀ ọ́.

Ó tó nǹkan bí aago mẹ́rin kí Ìyá Rédíò tó yọ lẹ́nu ọ̀nà. Agẹrun ti padà dé, wọn ò mú òun náà, ó sì gbọ́dọ̀ rí nǹkan kó wálé: ìròyìn ló kó. Ìyá Rédíò ò jókòó. Ó fara ti ilẹ̀kùn. "Mo ní kí n wá kí yín ni. Ẹ kú ìrìn. Ayé yìí le o. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani."

"Ta ló kú?" bàbá béèrè.

"Kò sẹ́ni tó kú o, Bàbá Lọ́yà. Èmi ò dárúkọ ẹnì kankan. Kòkòrò tó ń jẹ obì, ṣebí inú obì ló wà? Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́." Ó ń wo Lọ́yà.

Màámi gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ìyá Rédíò, èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú yàrá yẹn. Ìwọ ò sí níbẹ̀."

"Ṣé mo ní mo wà níbẹ̀ ni?"

"Bí o ò bá sí níbẹ̀, máa lọ. Ọmọ mi ni. Bó bá yá mi láti sọ̀rọ̀, màá sọ ọ́ fún un lójú ara rẹ̀. Mi ò ní gbé e gba ẹnu ẹ." Ìyá Rédíò pòṣé, ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó lọ.

"Kí lẹ jọ ń sọ?" bàbá béèrè. "Yàrá wo?"

Màámi ti yà sídìí ààrò. Bàbá wo ìyàwó, ó wo ọmọ, ó sì padà jókòó.

Lọ́yà tọ ìyá rẹ̀ lọ sídìí ààrò. Gbogbo ẹjọ́ tó ti rò lọ́nà ti wọgbó. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí n..."

"Mo ní kó o gbà á." Màámi ò gbójú kúrò lórí ẹja tó ń fọ̀, ẹja mẹ́ta kéékèèké tó kù lára ti àná. "Mi ò ní kó o tú mi síta. Bu omi sí ẹ̀wà yẹn."

Ó bu omi sí i. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi apá nù ún. Kò tíì pẹ́ tí fóònù bàbá fi dún.

"Hẹ́lò? Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Ó wà ńbí, sà!" Bàbá na fóònù náà síwájú bí ẹni gbé ẹyin. "Lọ́yà! Àwọn ni! Ìwọ ni wọ́n ń béèrè!"

Lọ́yà gbà á, ó gbé e létí. Onítáì ni. Kò kí i. Ó ní àwọn máníjà ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń jí ọjà kó ní gbogbo ẹ̀ka, wọ́n sì ń bo ara wọn láṣìírí. Ẹni tó lè tú àṣírí wọn fún àwọn làwọn ń wá, ẹni tí ò ní wojú ọ̀rẹ́, tí ò ní wojú ẹ̀gbọ́n. "Ẹni tó lè ṣe é fún ìyá ẹ̀," ó wí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, "ta ló kù tí ò ní lè ṣe é fún? Aago mẹ́fà ọ̀la. Wọ bàtà dúdú. Ṣé o máa wá?"

Lọ́yà fẹ́ sọ fún un pé kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó pé, ó dára, irú èyí tí àdúgbò fi sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá dúró síwájú rẹ̀, ó ti yọ ọwọ́ oníka mẹ́ta náà kúrò lápò, ó pa á pọ̀ mọ́ èkejì bí ẹni ń gbàdúrà. Òórùn ẹ̀wà jíjó ṣì wà nínú yàrá. Ìyá rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń da ẹja sínú ọbẹ̀.

"Màá wá, sà," Lọ́yà wí. "Ẹ ṣeun, sà."

Bàbá pariwo, ó fò sókè, ó gbá ògiri pé kí Ìyá Rédíò gbọ́. "Mo sọ ọ́! Mo sọ ọ́ pé ọgbọ́n ló ni ín! Màmá Lọ́yà, o ò gbọ́ ni? Ọmọ ẹ wọlé!"

"Mo gbọ́," Màámi wí.

Ó gbé oúnjẹ wá sórí tábìlì. Ẹja tó tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti bàbá ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Màámi fi ṣíbí gbé e, ó kọjá abọ́ bàbá, ó fi í sínú abọ́ Lọ́yà. Bàbá rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń mówó wálé ló ni orí ẹja.

"Ṣùgbọ́n sọ fún wa," ó wí, ó ti ki ṣíbí bọ ẹ̀wà. "Nínú ọgọ́rin èèyàn! Kí lo sọ fún wọn gan-an tí wọ́n fi mú ọ?"

Lọ́yà wo ẹja náà.

"Òótọ́ ló sọ," Màámi wí.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá a lórí. "Òótọ́ kẹ̀? Nínú ayé wo? Ṣebí òótọ́ dọ́jà, ó kùtà ni wọ́n ń wí."

"Tòní tà," Màámi wí. Ó fa àga, ó jókòó. "Jẹun, Lọ́yà. Aago mẹ́fà ni wọ́n dá fún ọ."